Bọ́ńpà oníwíńṣì fún Hilux: bí a ṣe ń ṣe é láti ara ṣáásì wá síta

Nígbà tí Hilux bá rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà, tí okùn wíńṣì (ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì wé okùn láti fa ọkọ̀ jáde) sì le gan-an láàárín ọkọ̀ àti igi tí a so ó mọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù yẹn, ìyẹn agbára tí okùn fi ń fà, ń gbà. Ó ń ti ara okùn bọ́ sára wíńṣì, ó ń ti ẹsẹ̀ wíńṣì bọ́ sórí àwo tó jókòó lé, ó ń ti àwo bọ́ sára apá tó so ó mọ́ ṣáásì, kó tó wá dé ara ṣáásì, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, fúnra rẹ̀. Ojú bọ́ńpà tí gbogbo ayé ń rí, tí a ń kùn ní dúdú tí a sì ń gbé iná sí, kò ru nǹkan kan nínú ẹrù náà. Nítorí èyí, inú la ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a ó sì máa bọ̀ wá síta. Bọ́ńpà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú, tí wọ́n wá ń wá ibi tí wọn yóò kàn án mọ́ nígbẹ̀yìn, lè dára lójú títì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wíńṣì bá fa gidi ló máa tú.

Hilux la fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé òun ló wọ́pọ̀ jù lójú ọ̀nà oko, ọ̀nà àwọn onígẹdú àti ibi tí wọ́n ti ń la títì nílẹ̀ Yorùbá. Ìlànà kan náà ló bá 4Runner, Land Cruiser, L200 àti Frontier mu, nítorí gbogbo wọn ló ní ṣáásì tó dá dúró lábẹ́ bọ́dì. RAV4, CR-V àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kò ní irú ṣáásì bẹ́ẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká tí wọ́n sì jó pọ̀ ni iwájú wọn. Ẹ má ṣe é sí wọn, wíńṣì á fa iwájú ọkọ̀ náà ya.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká fi pamọ́. Irin tí ilé iṣẹ́ fi sẹ́yìn bọ́ńpà oníke, wọ́n ṣe é kó lè rún bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan ni, kí agbára ìkọlù náà lè dín kù kó tó dé ara àwọn tó jókòó sínú. Bọ́ńpà onírin nípọn kì í rún. Bí ọkọ̀ yín bá ní airbag, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ máa ń wà níwájú: ẹ má ṣí i nípò, ẹ má lu ihò nítòsí rẹ̀, ẹ má sì gé irin tí wọ́n dè é mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé títì ọlọ́dà nìkan ló ń rìn láti ìlú dé ìlú kò nílò bọ́ńpà yìí.

Ẹ ra wíńṣì kí ẹ tó gé irin

Kí agbára wíńṣì tó ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ lọ́nà kan àbọ̀. Hilux oníléèkùn mẹ́rin tó gbé ẹrù dáadáa ń lọ sí 3,000 kg, nítorí náà 4,500 kg là ń wá. Ìwọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n sábà máa ń kọ sára wíńṣì: 9,500 jẹ́ 4,309 kg, 10,000 jẹ́ 4,536 kg, 12,000 sì jẹ́ 5,443 kg. 10,000 tó fún Hilux. Ẹ má gbàgbé pé nọ́ńbà yẹn, ìgbà tí okùn bá kù ní ìpele kan ṣoṣo lórí kẹ̀kẹ́ okùn ló wà fún. Bí okùn bá ṣe ń wé lé ara rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń tóbi sí i, tí agbára rẹ̀ sì ń dín kù, tó fi jẹ́ pé ní ìpele kẹrin ó lè ti pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Wíńṣì tó wà láàárín 8,000 sí 12,000 sábà máa ń ní ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin tó jìnnà síra ní 254 mm níbùú àti 114 mm láti iwájú sẹ́yìn. Ihò méjì ti fairlead, ìyẹn ẹnu tí okùn ń gbà jáde, máa ń jìnnà síra ní 254 mm bákan náà. Síbẹ̀, ti ọwọ́ yín gan-an ni kí ẹ wọ̀n. Wíńṣì tòkunbọ̀ wà tí ihò rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, ẹni tó bá sì ti lu ihò sórí irin kó tó rí wíńṣì yóò tún irin mìíràn rà.

Irin tí a ó lò

Irin pẹlẹbẹ 10 mm fún apá méjì, 300 mm × 250 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin 6 mm fún àwo wíńṣì, nǹkan bí 650 mm × 360 mm, pẹ̀lú àjẹkù tí a ó gé sí igun mẹ́ta láti fi ti àwo lẹ́yìn. Irin 5 mm fún ojú, orí àti abẹ́ bọ́ńpà. Ìdajì ṣíìtì ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 tó o, yóò sì ṣẹ́kù. Irin 25 mm méjì, 100 mm × 220 mm, fún etí tí a ó máa fi ṣákùlù (irin bíi lẹ́tà U tó ní irin ìdábùú lẹ́nu) kọ́. Bóòtì M12 (tó nípọn ní 12 mm) mẹ́wàá tó ní 8.8, nọ́ńbà agbára rẹ̀, lórí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà tó nípọn. Ẹlẹ́kítíróòdù 3.2 mm páálí kan, díẹ̀ nínú 2.5 mm fún ìkànpọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, díìsì gígé mẹ́wàá àti díìsì ìlọrin mẹ́rin.

Kí ló dé tí a kò fi 10 mm ṣe gbogbo rẹ̀, kó le dáadáa? Ẹ bá wa ṣírò. Irin tó nípọn ní 1 mm, tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, wúwo 7.85 kg. Pẹ̀lú ìwọ̀n tí a kà sókè yìí, bọ́ńpà náà yóò wà ní nǹkan bí 60 kg. Wíńṣì pẹ̀lú okùn rẹ̀ tún fi 25 kg sí 40 kg kún un. Ìyẹn ti sún mọ́ 100 kg níwájú táyà iwájú ọkọ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ fi ike sí. Bí a bá fi 10 mm ṣe ojú, irin nìkan á kọjá 90 kg, iwájú ọkọ̀ á rẹlẹ̀, táyà á máa jẹ, kò sì ní fi kílò kan kún agbára tí wíńṣì fi ń fà.

Ní ọjà bíi Òwódé Onírin ní Èkó, ẹ lè rí àjẹkù irin pẹlẹbẹ rà ní kílò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí irin náà bá jẹ́ irin rírọ̀ lásán. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ewé sípíríìnì. Ó nípọn, ó le, ó pọ̀, wẹ́dà á sì sọ pé òun ló dára jù fún etí ìfàkọ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú. Bí iná wẹ́ẹ̀dì bá ti kàn án tó sì tutù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó á le bí gíláàsì, ibẹ̀ ni yóò sì ti là. Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin, tí àwọn wẹ́dà ń pè ní fáìlíìn, kàn án kí ẹ wo iná tó ń ta. Ti irin rírọ̀ máa ń gùn, ó máa ń tọ́, ìtàkùn rẹ̀ kì í pọ̀. Ti ewé sípíríìnì máa ń kúrú, á sì bẹ́ tú káàkiri bí ìràwọ̀ kéékèèké. Ẹ lọ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú òjìji, ẹ kò ní ṣì í mọ̀ mọ́ láé.

Wíwọn, àti páálí

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú bọ́ńpà oníke àti irin ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ tó tú nǹkan kan rárá, ẹ wọn gíga láti àárín táyà dé etí mọ́gáàdì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A ó padà sórí nọ́ńbà yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ṣáásì: ìjìnnà láti ìta òsì dé ìta ọ̀tún ní ẹnu rẹ̀ gan-an, ẹ tún un wọ̀n ní 400 mm sẹ́yìn, kí ẹ sì fi tépù na igun sí igun. Igun méjèèjì ní láti dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ wọn bá kọjá 5 mm, ọkọ̀ náà ti kọlu nǹkan rí, èyí sì wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ kí páńẹ́lì bítà kọ́kọ́ fa ṣáásì náà tọ́. Bọ́ńpà tí a ṣe sára ṣáásì wíwọ́, yóò máa wo ẹ̀gbẹ́ kan títí ayé.

Páálí fíríìjì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ fi gé àwòrán ohun gbogbo: apá, àwo, ojú. Ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ gbé e sí iwájú ọkọ̀, kí ẹ wá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àlàfo 25 mm ní láti wà láàárín bọ́ńpà àti bọ́dì yíká, torí pé orí rọ́bà ni bọ́dì jókòó lé. Ó máa ń mì, ṣáásì kì í bá a mì. Níbi tí àlàfo bá ti kéré jù, bọ́ńpà á họ ọ̀dà mọ́gáàdì, kó tó oṣù kan á ti tẹ̀ ẹ́. Láàárín wíńṣì àti rédíétọ̀, ẹ fi ó kéré tán 50 mm sílẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ láti òpin dé òpin kí ẹ rí i pé táyà kò kan páálí. Ibi tí nọ́ńbà ọkọ̀ yóò wà, ẹ yan ibẹ̀ nísinsìnyí, kó má lọ jẹ́ ẹnu okùn lẹ ó fi dí.

Apá méjì tó di ṣáásì mú

Ibí ni iṣẹ́ wà. Apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ irin 10 mm tó tò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáásì, tó gùn sẹ́yìn tó 200 mm ó kéré tán, tó wá yọ síwájú láti gbé àwo. Bí ẹnu ṣáásì yín bá ní ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu fún irin ìkọlù, ẹ lò wọ́n. Ẹ wá lu àfikún sí ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé apá kọ̀ọ̀kan ní bóòtì M12 mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Bóòtì M12 tó jẹ́ 8.8 kan lè gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́rin kó tó gé. Wíńṣì yìí ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí a fi nílò mẹ́jọ. Ìdí àkọ́kọ́ ni púlì: tí okùn bá jáde lọ sí ara igi, tó yí púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré tí a so mọ́ igi náà) ká tó sì padà wá kọ́ ara bọ́ńpà, tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ló ń fa iwájú ọkọ̀. Ìdí kejì ni pé ọkọ̀ tó rì kì í sábà kọjú sí igi gbọnrangandan. Bí okùn bá fa sí ẹ̀gbẹ́, apá kan ló ń ru èyí tó pọ̀ jù, ìkejì kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹ wo orí bóòtì kí ẹ tó sanwó. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ kà á sí aláìlágbára, kí ẹ dá a padà, bó ti wù kó tàn tó.

Ṣáásì ṣófo nínú bí àpótí. Bí a bá ki bóòtì gígùn kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tí a wá fún un le, ògiri ṣáásì á wọ inú. Bó bá ti wọ inú, bóòtì kò ní le mọ́, ẹ ó máa fún un lóṣooṣù. Oògùn rẹ̀ ni páìpù kékeré tó nípọn, tí inú rẹ̀ jẹ́ 13 mm, tí a gé kó gùn gẹ́lẹ́ bí inú ṣáásì ti fẹ̀. A ń ti ẹnu ṣáásì fi í sínú, bóòtì á wá gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ fi fáìlì tọ́jú orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ìfúnpá bóòtì M12 yìí jẹ́ 80 Nm. Bí ẹ kò bá ní sípánà tó ń ka agbára, sípánà tó gùn ní 40 cm, tí a fi nǹkan bí 20 kg fà ní ìdí rẹ̀, fún wa ní ohun kan náà.

Díríìlì ni kí ẹ fi lu gbogbo ihò. Púpọ̀ nínú àwọn wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì máa ń ki iná ẹlẹ́kítíróòdù sókè kí wọ́n fi jó irin lu, torí pé ó yá. Ihò bẹ́ẹ̀ kì í rí róbótó, etí rẹ̀ kún fún ìdàrọ́, bóòtì á máa rìn nínú rẹ̀ títí yóò fi jẹ ara rẹ̀. Ẹ fi 5 mm bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sí 8 mm, kí ẹ fi 12.5 mm parí rẹ̀, pẹ̀lú epo lójú ibẹ̀ àti díríìlì tí kò yára sáré.

Àwo wíńṣì

Àwo náà dà bí lẹ́tà L: irin 6 mm tó tẹ́ nílẹ̀ láti gbé ẹsẹ̀ wíńṣì, àti òmíràn tó nàró níwájú láti gbé fairlead. Bí ẹ bá rí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìtẹrin, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní odidi. Bí kò bá sí, ẹ jó méjèèjì pọ̀ ní inú àti ní ìta. Ẹ gbé irin onígun mẹ́ta mẹ́rin sí i: méjì ní ìgbẹ̀yìn níbi tí àwo ti kan apá, méjì lábẹ́ fairlead. Láìsí àwọn wọ̀nyí, àwo á tẹ̀ wá síwájú ní àárín bí ewé, nítorí pé àárín gan-an ni okùn ń fà.

Kí a tó jó ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ gbé wíńṣì gidi sórí àwo náà kí a wo nǹkan mẹ́ta. Ṣé ọwọ́ lè dé ibi kílọ́ọ̀ṣì tó ń tú kẹ̀kẹ́ okùn sílẹ̀? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí: wọ́n á ṣe bọ́ńpà tán, kílọ́ọ̀ṣì á ti há sábẹ́ irin, ẹni tó rì sínú ẹrẹ̀ á máa fi ìka wá a nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ wíńṣì ló gbà kí a tú orí gíà rẹ̀ kí a yí i sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tó o. Ìwé rẹ̀ á sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ìkejì, ṣé abẹ́ kẹ̀kẹ́ ni okùn ti ń jáde, tó sì dọ́gba pẹ̀lú àárín fairlead? Bíréèkì inú wíńṣì sábà máa ń di ẹrù mú ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Tí okùn bá wé sódì, ẹrù lè máa yọ́ sílẹ̀. Ìkẹta, ṣé ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lè rí bí okùn ṣe ń wé? Okùn tó bá ń ko jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a kò sì rí i, á fún pọ̀ mọ́ ara wíńṣì títí yóò fi fọ́ nǹkan.

Okùn oníwáyà ń fẹ́ fairlead onírólà. Okùn híhun tí wọ́n ń pè ní synthetic ń fẹ́ èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù tó dán, ẹ má sì fi í sínú rólà tí wáyà ti fi eyín họ, torí ojú ọgbẹ́ yẹn ni yóò máa gé e.

Etí ìfàkọ̀

Etí 25 mm yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lẹ̀ mọ́ ojú bọ́ńpà. Ẹ gé ihò tóóró sí ojú bọ́ńpà, kí etí náà gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá apá, kí a jó o mọ́ apá ní 120 mm ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí a wá jó o mọ́ ojú níwájú àti lẹ́yìn. Ṣákùlù tí a ń lò ni èyí tí wọ́n kọ 4.75 tọ́ọ̀nù sí lára. Irin ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 22 mm, nítorí náà ihò 25 mm ló yẹ ẹ́. Kí irin tó kù láti etí ihò dé òpin etí ìfàkọ̀ má dín ní 30 mm. Ẹ fi fáìlì pa gbogbo etí ihò kó yí róbótó. Etí mímú a máa gé okùn.

Iná

Lára ọkọ̀, ìkànpọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí wẹ́dà ń pè ní tákì nìkan la ń ṣe. Ẹ tú orí bátìrì méjèèjì kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi ìdè ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin tí ẹ ń jó gan-an, má fi sí ara táyà tàbí ẹ́ńjìnnì, torí iná tó bá gba inú bíárìn kọjá ń họ ọ́. Aṣọ tútù sórí rédíétọ̀ àti gíláàsì iná, garawa yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ de apá méjèèjì mọ́ ṣáásì pẹ̀lú bóòtì wọn, ẹ gbé àwo sáàárín, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó, ẹ tákì rẹ̀. Kí ẹ tó tú u, ẹ gbé áńgù áyọ́ọ̀nù kan dábùú ìdí apá méjèèjì kí ẹ tákì òun náà. Irin tí a jó ń súnkì bó bá ń tutù. Láìsí ìdábùú yìí, apá méjèèjì á fà súnmọ́ ara wọn ní 3 mm tàbí 4 mm, bóòtì kò sì ní wọlé mọ́.

Lórí irin 10 mm àti 25 mm, ẹ lọ etí rẹ̀ kó dagun tó ìwọ̀n 30, kí méjèèjì tó pàdé dà bí V, kí ẹ fi àlàfo 2 mm sí ìsàlẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, orí nìkan ni iná á lẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ kò ní pàdé. Ẹlẹ́kítíróòdù 7018 ló dára jù fún apá, àwo àti etí, 3.2 mm rẹ̀ ń jẹ 100 sí 140 A lórí ẹ̀rọ DC, pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù lórí pọ́sítíìfù. Ó kórìíra omi. Páálí tó ti wà ní ṣíṣí nígbà òjò ti fa omi sára, omi náà á di ihò kéékèèké nínú wẹ́ẹ̀dì, yóò sì mú kó là lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ yan án nínú ààrò ní 350 ìwọ̀n Celsius fún wákàtí kan, tàbí kí ẹ ra tuntun tó wà ní dídí. Ẹ̀rọ alákọ́ìlì tí wọ́n ń wé nílé kì í sábà lè tan 7018, á kàn máa lẹ̀ ni. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì inverter fún iṣẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹlẹ́kítíróòdù 6013 tó fún ojú bọ́ńpà.

Ẹ jó 50 mm ní òsì, ẹ bọ́ sí ọ̀tún, ẹ padà sí àárín; ẹ má jó ẹ̀gbẹ́ kan lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbá ìdàrọ́ kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́ títí tí yóò fi tàn, kí ẹ tó gbé ìkejì lé e. Ìdàrọ́ tó bá há sáàárín ìlà méjì, ihò ni. Ẹ má da omi sí i kó lè tutù kíákíá. Ẹ fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ mú un tutù fúnra rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹ lọ ẹfun sínú omi, ẹ kùn ún sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú wẹ́ẹ̀dì, kó gbẹ tí yóò fi funfun. Ẹ wá fi kẹrosíìnì pa ẹ̀yìn rẹ̀. Kẹrosíìnì máa ń wọ ibi tóóró ju omi lọ, á wá gbogbo ibi tó là láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìlà kan bá fara hàn lórí funfun náà, bó ti wù kó tóóró bí irun tó, ẹ lọ ibẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹ tún un jó. Kí ẹ tó jó o, ẹ fọ kẹrosíìnì náà nù. Ẹ má fi omi ìfọbíréèkì fọ irin tí ẹ fẹ́ jó. Èyí tó bá ní kílórììnì nínú máa ń di afẹ́fẹ́ olóró bí iná bá kàn án.

Ojú bọ́ńpà àti ọ̀dà

Èyí rọrùn. Ẹ gé irin 5 mm bí páálí ti sọ, ẹ gé igun méjèèjì sókè kí táyà lè kọ́kọ́ kan òkè kí bọ́ńpà tó kan án, ẹ ṣí ojú fún afẹ́fẹ́ rédíétọ̀. Ẹ lu ihò 12 mm sí ibi tó rẹlẹ̀ jù kí omi máa ṣàn jáde. Ẹ fi tíńnà fọ òróró kúrò, ẹ kùn ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀mejì, inú àti ìta, kí ẹ tó fi dúdú parí rẹ̀. Ẹ̀yìn àwo, níbi tí ojú kì í dé, ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wáyà

Wíńṣì 12 V lè jẹ 400 A bí ẹrù bá pọ̀. Wáyà 35 mm² ni ìpìlẹ̀, 50 mm² sàn jù. Nẹ́gẹ́tíìfù kò gbọ́dọ̀ parí sára ṣáásì. Orí bátìrì ni kó dé tààrà. Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà fi súwíìṣì ńlá sí pọ́sítíìfù nítòsí bátìrì, kí a lè gé iná náà pátápátá nígbà tí wíńṣì kò bá ṣiṣẹ́, torí pé wáyà tó nípọn tó báyìí, tó bá họ tó kan irin, iná ló ń dá sílẹ̀. Ẹ fi rọ́bà bo gbogbo ibi tó bá ti gba ihò irin kọjá. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo tí ẹ bá ń fa nǹkan.

Fífà àkọ́kọ́

Ẹ tún gíga táyà dé mọ́gáàdì wọ̀n. Bí ó bá ti rẹlẹ̀ ju 25 mm lọ, ẹ pààrọ̀ sípíríìnì iwájú sí èyí tó le. Hilux tó jáde láti 2005 ní sípíríìnì yíyí, àwọn 4×4 àtijọ́ tí ẹsẹ̀ iwájú wọn dá dúró ń lo irin tí a ń fi bóòtì yí gíga rẹ̀. Ẹ tún iná ọkọ̀ tò, torí ibi tó ń tàn dé ti yí padà.

Ẹ wá igi tó nípọn, ẹ fi ìgbànú fífẹ̀ yí i ká, má fi okùn wíńṣì gan-an yí igi. Ẹ tú okùn jáde, ṣùgbọ́n kí ìyípo márùn-ún kù lórí kẹ̀kẹ́ bó bá jẹ́ wáyà, mẹ́wàá bó bá jẹ́ synthetic. Ìdè ìparí okùn kò lè ru ẹrù, ìyípo wọ̀nyí ló ń rù ú. Ẹ ju ẹ̀wù tó wúwo tàbí àpò yanrìn sórí àárín okùn. Kí ẹnikẹ́ni má dúró nínú ibi tí okùn lè na dé bó bá já, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, kí ọwọ́ má dé ibi fairlead.

Ọkọ̀ sí gíà òfo, ẹnì kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì díẹ̀. Ẹ fà á wá díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí okùn lè wé le dáadáa. Èyí tó bá wé láìfún, ìpele òkè á wọ inú ìpele ìsàlẹ̀, á sì há. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì le sí i. Ẹ dúró. Ẹ wo àwo láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi irin gígùn tó tọ́ lé e. Bí ọ̀dà bá sán ní ìlà kan nítòsí wẹ́ẹ̀dì, irin abẹ́ rẹ̀ ti na. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ lọ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Lẹ́yìn 100 km lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì tí ìlà rẹ̀ bá ti ya kúrò lójú kan ti yí, ẹ tún un fún ní 80 Nm, kí ẹ sì wo páìpù inú ṣáásì rẹ̀ bóyá ó ti kúrú jù.